Kátámáránì àbí ọkọ̀ oníkùn kan: èwo ni ká fi rìnrìn àjò, ká sì tún fi ṣe ilé?

Omi_Tútù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà atukọ̀. Ọkọ̀ ìgbòkun tó gùn tó mítà 12 là ń wá. Ènìyàn mẹ́rin ni yóò máa gbé inú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta: tọkọtaya àti ọmọ méjì. Orí ìdákọ̀ró la ó máa wà jù, a kò ní fi bẹ́ẹ̀ so mọ́ èbúté, a ó sì la òkun ńlá kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán. Àwọn tó ń ta kátámáránì, ìyẹn ọkọ̀ oníkùn méjì, ń yìn ín kọjá ààlà; àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ oníkùn kan ní ọjọ́ tó bá dojú dé ló parí. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí èèyàn lè wọ̀n, tó lè kà, tó lè fọwọ́ kàn ni kí ẹ fi yé wa.

Ìwọ̀n_Ẹrù

Kí ẹ tó wo ohunkóhun, ẹ wo ẹrù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ra ọkọ̀ tí kò bá wọn mu.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Omi òkun tó kún àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó jìn ní mítà kan, wọn nǹkan bíi kílò 1,025. Torí náà, bí ẹ bá mọ bí ọkọ̀ ṣe fẹ̀ tó níbi tí ojú omi ti là á, ní mítà onígun mẹ́rin, ẹ fi 10.25 sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tó bá jáde ni iye kílò tí yóò tẹ ọkọ̀ náà wọ omi ní sẹ̀ǹtímítà kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é wò. Ikùn kátámáránì mítà 12 kọ̀ọ̀kan lè gùn tó mítà 11.5 lójú omi, kó fẹ̀ tó mítà 1.2. Imú àti ìdí rẹ̀ ṣóńṣó, nítorí náà ẹ mú ìdá 0.75 nínú rẹ̀: 10.35. Ikùn méjì jẹ́ 20.7. Ní ọ̀nà 10.25, kílò 212 ni fún sẹ̀ǹtímítà kan. Ọkọ̀ oníkùn kan tó gùn tó mítà 11 lójú omi, tó fẹ̀ tó 3.4, tí a mú ìdá 0.7 nínú rẹ̀, yóò jẹ́ 26.2; ìyẹn kílò 268.

Wàyí o, ẹrù yín. Omi mímu lítà 600 jẹ́ kílò 600. Dísù, ìyẹn epo ẹ́ńjìnnì, lítà 400 jẹ́ bíi 340. Ṣéènì ìdákọ̀ró onímílímítà 10, mítà 60, jẹ́ bíi 138. Ọkọ̀ kékeré tí ẹ ó máa fi lọ sí etíkun pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, 110. Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 230. Oúnjẹ 200, irinṣẹ́ àti páàtì 200, aṣọ, ìwé àti ohun ìṣeré ọmọdé 200. Àpapọ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní tọ́ọ̀nù 2. Kátámáránì yóò fi sẹ̀ǹtímítà 9.5 rì sí i, ọkọ̀ oníkùn kan yóò fi 7.5 rì.

Ẹ lè ní sẹ̀ǹtímítà 2 kò tó nǹkan. Kò tó nǹkan lóòótọ́, àmọ́ ohun tí rírì náà ń ṣe fún àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra. Ọkọ̀ oníkùn kan á kàn wúwo díẹ̀ sí i, ìrìn rẹ̀ kò ní yàtọ̀ púpọ̀. Ti kátámáránì, ikùn rẹ̀ tín-ín-rín, ohun tó ń jẹ́ kó yára nìyẹn. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ wọ omi, ara tó ń fa omi á pọ̀ sí i, ìdí rẹ̀ á máa wọ́ omi lẹ́yìn, pẹpẹ tó so ikùn méjèèjì pọ̀ á sì súnmọ́ ìgbì. Ẹ béèrè bí ìsàlẹ̀ pẹpẹ yẹn ṣe ga sí omi tó *lẹ́yìn* tí wọ́n bá ti di ẹrù, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé ìpolówó. Fún mítà 12, ibi tó bá kù ní sẹ̀ǹtímítà 60 kéré jù lójú tèmi. 75 sí 90 ni kí ẹ wá.

Ẹ tún wo ìwé ọkọ̀ náà dáadáa. Ìwọ̀n ọkọ̀ lófìfo wà níbẹ̀, ìwọ̀n tó pọ̀ jù tó lè gbé náà wà níbẹ̀. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, kí ẹ sì béèrè bóyá omi àti dísù wà nínú èyí tó ṣẹ́kù tàbí wọn kò sí.

Ìyá_Ìgbòkun

Àfikún díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ Ìwọ̀n_Ẹrù: ibi tí ẹ gbé ẹrù sí ṣe pàtàkì bí ìwọ̀n rẹ̀. Ohun tó wúwo ní imú àti ní ìdí ń mú kí kátámáránì máa ṣe bí ẹṣin tó ń jó: imú lọ sókè, ìdí lọ sílẹ̀, láìsí ìsinmi. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kátámáránì tó dára fi kó ṣéènì sí ẹ̀bá òpó, tí kì í ṣe sí imú. Bátìrì, tánkì àti agolo oúnjẹ, àárín ni gbogbo wọn.

Ìgbì_Keje

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti dídojú dé, torí ìdajì òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ fún Omi_Tútù.

Ọkọ̀ oníkùn kan ń gbé irin tàbí òjé sí ìsàlẹ̀ kíìlì rẹ̀, ìyẹn apá tó yọ sínú omi lábẹ́ ọkọ̀ bí ìyẹ́ ẹja. Èyí sábà máa ń tó ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìwọ̀n rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá le, ọkọ̀ á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, atẹ́gùn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kọjá lórí ìgbòkun, agbára rẹ̀ á sì dín kù fúnra rẹ̀. Ní dígírì 15 iṣẹ́ ń lọ. Ní 25 kọ́ọ̀bù á ti máa já bọ́, ìtọ́kọ̀ á wúwo lọ́wọ́, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀ pé ìgbòkun ti pọ̀ jù. Ọkọ̀ òkun tó dára lè fì dé dígírì 115 sí 130 kó tó dojú dé pátápátá, bí ìgbì bá sì tún gbá a, ó ṣeé ṣe kó yí padà fúnra rẹ̀.

Kátámáránì kò ní irin nísàlẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ ló ń mú un dúró. Ẹ wo tọ́ọ̀nù 10, tí àárín ikùn kan sí àárín èkejì jẹ́ mítà 6. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 3, nítorí náà agbára tó ń mú un dúró tó tọ́ọ̀nù-mítà 30. Ó pọ̀ gan-an. Àmọ́ bíi dígírì 10 sí 12, nígbà tí ikùn kan bá fẹ́ kúrò nínú omi, ni agbára yẹn ti pé. Láti ibẹ̀ lọ, ńṣe ló ń dín kù. Ohun tó burú ni pé kátámáránì kì í kìlọ̀. Ó dúró gbọn-in, kọfí ò dànù, gbogbo agbára náà sì ń wọ inú òpó, wáyà àti okùn láìsí ẹni tó mọ̀.

Agbára atẹ́gùn kì í sì í bá iye rẹ̀ lọ ní ìdọ́gba. Láti nọ́ọ̀tì 15 (nọ́ọ̀tì kan ni máìlì òkun kan ní wákàtí kan) dé 21, ó ti di ìlọ́po méjì. Láti 15 dé 30, ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ máa ká ìgbòkun kátámáránì, ìyẹn kí ẹ dín fífẹ̀ rẹ̀ kù, nípa ohun tí ẹ̀rọ ìwọn-atẹ́gùn bá sọ, ẹ má fi ti ara yín ṣe. Fún mítà 12 tó ru ẹrù: ìká àkọ́kọ́ ní nọ́ọ̀tì 18 sí 20, ìkejì ní 25, ìkẹta ní 32. Bí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ iye tó kéré jù èyí, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ìjì òjijì, ìyẹn èyí tó le jù nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá, la fi ń ká ti kátámáránì. Ti ọkọ̀ oníkùn kan, èèyàn lè fi èyí tó wọ́pọ̀ ká a.

Ohun tó ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù ni bí atẹ́gùn bá wà lẹ́yìn wọn. Ká ní nọ́ọ̀tì 24 ló ń fẹ́, ọkọ̀ sì ń sáré ní 8. Nǹkan bíi 16 péré ni ẹ ó máa gbọ́ lára, oòrùn ń ràn, gbogbo rẹ̀ dùn. Ẹ wá yí imú sí atẹ́gùn láti ká ìgbòkun: ó di bíi 30 lẹ́ẹ̀kan náà, agbára rẹ̀ sì ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Bí ẹ bá ń lọ tẹ̀lé atẹ́gùn, iye tó ń fẹ́ gan-an ni kí ẹ máa wò.

Aláàárọ̀

Ìgbì_Keje, kí ni ká wá ṣe bí ìjì òjijì bá ti dé tán, tí a kò tíì ká ìgbòkun?

Ìgbì_Keje

Bí ẹ bá kọjú sí atẹ́gùn, ẹ tún yí imú sí i díẹ̀ sí i. Bí ó bá wà lẹ́yìn yín, ẹ yà kúrò fún un, ẹ máa bá a lọ. Bí ó bá ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, okùn ìgbòkun ńlá ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kí ẹ tó dán ìtọ́kọ̀ wò. Okùn yẹn kò gbọdọ̀ wà ní ìdè tí a kò lè fi ọwọ́ kan tú. Bí ẹ bá tún rí i tí ẹnì kan fi aṣọ ìnura tó ń gbẹ bo ibi tí a so okùn náà mọ́, ẹ lé aṣọ náà kúrò.

Ìwé_Ìjàǹbá

Ṣé kátámáránì ń rì? Ìbéèrè tó yẹ ká fi ẹ̀rí dáhùn ni.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1989, Rose-Noëlle, ọkọ̀ oníkùn mẹ́ta, dojú dé lójú òkun New Zealand. Ènìyàn mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ gbé orí ọkọ̀ tó dojú dé náà fún ọjọ́ 119 títí omi fi gbé wọn dé Great Barrier Island, gbogbo wọn sì yè. Èyí ni wọ́n ń wí nígbà tí wọ́n bá ní ọkọ̀ oníkùn púpọ̀ kì í rì: kò ní irin tí yóò fà á lọ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní yí padà.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, Cheeki Rafiki, ọkọ̀ oníkùn kan, pàdánù kíìlì rẹ̀ lójú òkun Atlantic, ó sì dojú dé. Àwọn mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ kò yè. Ìwádìí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe sọ pé ó ṣeé ṣe kí bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe ti gbá ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i ti sọ ibi tí kíìlì ti so mọ́ ọkọ̀ di aláìlágbára. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ pé “oníkùn kan á máa yí padà” dá lórí pé kíìlì náà ṣì wà lára rẹ̀.

Ọ̀kan tó kan gbogbo wa: nínú ìdíje ọkọ̀ ìgbòkun Fastnet ọdún 1979, ọkọ̀ 24 ni wọ́n fi sílẹ̀ sínú ìjì, àmọ́ 5 péré ló rì. Ẹ má yára kúrò nínú ọkọ̀ tó ṣì léfòó.

Ẹ yẹ kátámáránì wò fún fèrèsé àsálà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ikùn: ṣé ó ṣeé ṣí láti inú, ṣé rọ́bà rẹ̀ kò tíì gan. Ẹ so ọkọ̀ ìgbàlà síbi tí ọwọ́ lè dé bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ má kì í sínú ihò tí yóò di àjà.

Kọ́ńpáàsì

Lílọ lòdì sí atẹ́gùn nìyí, ẹ gba ìṣirò kan. Ẹ fẹ́ lọ sí ibi tó jìn tó máìlì òkun 10, gaan-gaan ni atẹ́gùn ti ń bọ̀ láti ibẹ̀.

Ọkọ̀ ìgbòkun kò lè kọjú sí atẹ́gùn gaan, ńṣe ló ń yà sọ́tùn-ún yà sósì. Ọkọ̀ oníkùn kan tó ń lọ ní dígírì 45 sí atẹ́gùn yóò rin máìlì 14.1. Ní nọ́ọ̀tì 6, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 21.
Kátámáránì oníkíìlì kúkúrú tó ń lọ ní 55 yóò rin 17.4. Ní nọ́ọ̀tì 7.5, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 19.

Ọgbọọgba! Ṣùgbọ́n ẹ di ẹrù kún kátámáránì náà títí ìrìn rẹ̀ fi di nọ́ọ̀tì 6: wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 54. Ibi tí ìṣirò Ìwọ̀n_Ẹrù ti ń dunni nìyẹn.

Kátámáránì tó ní pákó àtìbọ̀mi dípò kíìlì kúkúrú ń súnmọ́ atẹ́gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá gbé pákó náà sókè, ọkọ̀ lè wọ omi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 70 lọ. Ọkọ̀ oníkùn kan tó gùn bákan náà sábà ń fẹ́ omi mítà 1.8 sí 2.1, kátámáránì oníkíìlì kúkúrú ń fẹ́ bíi 1.2. Ohun tó burú nínú pákó ni pé ihò rẹ̀ ń gba àyè nínú yàrá, okùn rẹ̀ ń jẹ, bí ẹ bá sì gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀ lórí ilẹ̀, ihò náà ló máa ya.

Ìdákọ̀ró_Mẹ́ta

Ẹ̀yin tó máa wà lórí ìdákọ̀ró jù, tiyín nìyí.

Kátámáránì ga lójú atẹ́gùn, ó sì máa ń yí sọ́tùn-ún yí sósì lórí ìdákọ̀ró bí a bá fi ṣéènì nìkan so ó. Okùn ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló ń dá a dúró. Ẹ fi náílọ́nù onímílímítà 16 ṣe é, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mítà 8 sí 10, ọ̀kan láti imú ikùn ọ̀tún, ọ̀kan láti imú ikùn òsì. Ẹ kọ́kọ́ ta ṣéènì tó, kí ìdákọ̀ró mú ilẹ̀, kí ẹ fi ẹ́ńjìnnì fà á sẹ́yìn wò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ so ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé mọ́ ṣéènì, kí ẹ tún ta ṣéènì mítà 3 tàbí 4 sí i, títí gbogbo ìwúwo fi bọ́ sórí okùn, tí ṣéènì tó kù sì rọ̀ bí ìdẹ̀ra sísàlẹ̀.

Ìkọ́ irin lásán máa ń bọ́ kúrò lára ṣéènì bí atẹ́gùn bá kú lóru. Ẹ lo ìdè okùn rírọ̀ tó ń gba inú ojú ṣéènì kọjá tàbí ìkọ́ tó ní ohun tó ń ti ẹnu rẹ̀ pa. Ẹ fi rọ́bà páìpù bo okùn níbi tó ti ń fara kan ọkọ̀, torí níbẹ̀ ló ti ń já.

Ìwọ̀n ṣéènì: ẹ ka jíjìn omi, gíga imú ọkọ̀ sí omi, àti bí omi yóò ṣe kún sí i. 4 + 1.5 + 1 jẹ́ 6.5. Lọ́nà 5, mítà 32.5 fún ọjọ́ tó dára. Lọ́nà 7, mítà 45.5 bí atẹ́gùn bá le.

Ti ọkọ̀ oníkùn kan, okùn kan ṣoṣo tó mítà 10 ti tó o. Ìṣòro tirẹ̀ ni fífì. Bí ìgbì bá ń ti ẹ̀gbẹ́ wá nígbà tí atẹ́gùn ń ti iwájú wá, yóò máa fì lọ fì bọ̀ ní gbogbo òru. Ẹ so okùn kan mọ́ ṣéènì, ẹ gbé e lọ sí ìdí ọkọ̀, ẹ fà á títí imú yóò fi dojú kọ ìgbì dípò atẹ́gùn. Ó ń ṣiṣẹ́ ju oògùn èébì lọ.

Ìyá_Ìgbòkun

Ẹ jẹ́ ká má dárúkọ fífì ká sì gbàgbé ìró. Kátámáránì kì í fì, ṣùgbọ́n ìgbì kúkúrú tó ń wọ abẹ́ pẹpẹ ń gbá a *gbàà!* bí ẹni fi òòlù lu tábìlì ìjẹun láti ìsàlẹ̀. Lójú òkun ó lè máa ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú. Ìmìjìgì rẹ̀ tún yá, ó ń já gìrì, kì í rọra wá. Ẹni tí èébì kì í gbé nínú oníkùn kan lè bì nínú kátámáránì, ẹlòmíì á sì rí ìtura níbẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè mọ̀ tẹ́lẹ̀ ju kí gbogbo ìdílé sùn inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lójú omi.

Ilé ìdáná: ti oníkùn kan, sítóòfù máa ń rọ̀ lórí ìkọ́ kó lè dúró gbọọrọ bí ọkọ̀ bá fì, a sì ń fi ìgbànú so alásè mọ́ ẹ̀gbẹ́. Ti kátámáránì kò nílò rẹ̀, ẹ kàn fi irin dí ìkòkò mú. Ó tún rọrùn pé alásè ń rí ìta. Yàrá àwọn ọmọ nínú ikùn kan, ti àwọn òbí nínú èkejì: fún gbígbé ọdún mẹ́ta, èyí gan-an ló ń mú ọ̀pọ̀ ìdílé yan kátámáránì, nọ́ọ̀tì kọ́. Orí òrùlé rẹ̀ tún gba pánẹ́ẹ̀lì sólà wáàtì 1,000 sí 1,500 láìsí wàhálà, ibi tí oníkùn kan ti máa ń tiraka fún 400 sí 700.

Ọ́ìlì_Dúdú

Ẹ́ńjìnnì. Kátámáránì ní méjì, nítorí náà gbogbo iṣẹ́ jẹ́ méjì: ọ́ìlì, àsẹ́, ìgbànú, rọ́bà tó ń fa omi tútù. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré ń fẹ́ ọ́ìlì tuntun ní wákàtí 250 tàbí lọ́dún kan, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ìwé ẹ́ńjìnnì yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ̀san rẹ̀ ni pé páàtì kan náà bá méjèèjì mu, bí ọ̀kan bá sì kú ẹ ṣì ń rìn. Lójú òkun tó dákẹ́, ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ tàn, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Dísù á pẹ́.

Bó bá jẹ́ saildrive, ìyẹn ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó gba ihò abẹ́ ọkọ̀ wọ inú omi, ló wà nídìí rẹ̀, ẹ béèrè ọdún tí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà ńlá tó ń dí ihò abẹ́ ọkọ̀. Ọdún 7 ni Volvo Penta, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, dá fún tirẹ̀. Ẹ fa igi ìwọn-ọ́ìlì rẹ̀ jáde: bí ọ́ìlì bá rí bíi mílíìkì, omi òkun ti wọ ọ́. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sí. Nínú ọ̀pọ̀ kátámáránì, ìta ni ìlẹ̀kùn rẹ̀ wà, ní ìdí ikùn. Ariwo kò wọlé, ṣùgbọ́n bí ìgbì bá ń gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ta ló fẹ́ ṣí i?

Èbúté_Há

Ní kúkúrú: oníkùn kan mítà 12 fẹ̀ tó mítà 4, kátámáránì fẹ̀ tó 6.5 sí 7. Ọ̀pọ̀ èbúté ń gba ìlọ́po kan ààbọ̀ sí méjì owó lọ́wọ́ kátámáránì, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń gbé ọkọ̀ kúrò lómi kò sì fẹ̀ tó o. Kí ẹ tó ra á, ẹ fi ìbú rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ibi tí ẹ ti fẹ́ kun ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí omi ti ń fà tó sì ń padà, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ iyanrìn, kátámáránì oníkíìlì kúkúrú lè jókòó sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ fọ ọ́ kí omi tó dé.

Yíyí padà nínú èbúté: ìtọ́kọ̀ sí àárín, ẹ́ńjìnnì kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, ọkọ̀ á yí lójú kan. Oníkùn kan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ọkọ̀

Àyẹ̀wò ni mo dúró dè, torí àlòkù lẹ ó rà.

Oníkùn kan: ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e sókè nínú bẹ́líìtì ẹ̀rọ, kí kíìlì máa rọ̀. Ẹ dúró ti iwájú kíìlì, ẹ wo ìlà tó ti pàdé ọkọ̀. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ títí kíìlì yóò fi kan ilẹ̀. Bí ìlà náà bá là nígbà tó rọ̀, tó sì padé nígbà tó jókòó, ohun tó so ó ti ń yọ́. Ipa ìpẹtà tó ń ṣàn wá láti ibẹ̀ náà burú. Ẹ wọlé, ẹ gbé pákó ilẹ̀, ẹ wo ẹsẹ̀ bóòtù kíìlì kọ̀ọ̀kan àti àwọn igun fáíbà tó wà láyìíká rẹ̀: ọ̀dà tuntun níbì kan ṣoṣo, nígbà tí ibòmíràn ti gbó, ẹ béèrè ìdí. Bí ìlẹ̀kùn tó súnmọ́ òpó bá ń há, ìsàlẹ̀ òpó lè ti rì.

Kátámáránì: ọ̀tá rẹ̀ ni yíyí. Ìgbì kan á gbé imú ikùn ọ̀tún sókè, òmíràn á gbé ìdí ikùn òsì. Ògiri ìdábùú tó wà lábẹ́ òpó ló ń gba gbogbo ìjàkadì yẹn. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ibi tí ògiri náà ti so mọ́ ikùn, lókè àti nísàlẹ̀, nínú kọ́bọ́ọ̀dù pàápàá. Ìlà tín-ín-rín nínú ọ̀dà kì í ṣe ẹ̀rí tó pé. Fáíbà tó ti ṣí kúrò lára pákó, tí èékánná ń wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ̀rí nìyẹn. Irin ìdábùú iwájú tó mú àwọ̀n ìjókòó dání: ibi tí alumíníọ́mù ti pàdé irin aláìpẹtà, ẹ wá ìyẹ̀fun funfun. Jíjẹ ló ń ṣe é.

Méjèèjì: bí inú fáíbà bá jẹ́ igi balsa tàbí fóòmù, ẹ fi òòlù oníke kékeré lu ú láti ibì kan dé ibì kejì. Ìró tó dún ketekete dára. Ibi tó bá dún *bọ̀, bọ̀*, fáíbà ti yà kúrò lára ohun tó wà nínú. Ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin kì í sọ òótọ́ lórí ọ̀dà ìsàlẹ̀ tó ní bàbà. Ẹ ha ibi kéékèèké rẹ̀ kúrò kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ náà lé e.

Kọ́ńpáàsì

Wáyà òpó náà ńkọ́? Bí ó bá ti tó ọdún 10, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìdójútòfò á ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, yálà ó dára tàbí kò dára. Kátámáránì kì í sábà ní wáyà ẹ̀yìn. Àwọn tẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ tó tẹ̀ sẹ́yìn ló rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, ẹ kò lè ṣí ìgbòkun ńlá tán bí ẹ bá ń bá atẹ́gùn lọ, yóò máa ha ara mọ́ wáyà títí yóò fi ya.

Omi_Tútù

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ṣe ìṣirò ẹrù wa: ó dé tọ́ọ̀nù 2.3. Kátámáránì mítà 12 kan wà tí ìwé rẹ̀ sọ pé ó lè gbé tọ́ọ̀nù 3.4, omi àti dísù wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó gbé e jáde lọ dán wò. Kí ni ká ṣe lójú omi?

Ìwọ̀n_Ẹrù

3.4 gba 2.3, àyè ṣì kù. Ẹ jẹ́ kí tánkì omi àti ti dísù kún ní ọjọ́ náà. Ọkọ̀ òfìfo kò ní sọ nǹkan kan fún yín.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ọkọ̀

Ẹ má gbà kó jẹ́ ọjọ́ tí atẹ́gùn kò sí. Nọ́ọ̀tì 15 ó kéré tán, níbi tí omi kò ti ń ṣàn. Ẹ lọ lòdì sí atẹ́gùn fún ìṣẹ́jú 10 ní apá kan, ẹ ka ojú ọ̀nà tí GPS sọ. Ẹ yà, ẹ tún ṣe ìṣẹ́jú 10, ẹ kà á. Bí ìyàtọ̀ méjèèjì bá ju dígírì 110 lọ, ìgbòkun ti gbó tàbí ọkọ̀ ń yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù. Kí ẹnì kan jókòó sí tábìlì inú, kó ka iye ìgbà tí pẹpẹ gbá nínú ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì, ẹ fi gbogbo agbára wọn sá wọn fún ìṣẹ́jú 10, ẹ wo ìgbóná àti àwọ̀ èéfín.

Kí ẹ tó kúrò ní èbúté, ẹ lẹ tépù oníwèé, irú tí àwọn akunlé ń lò, sọdá ibi tí ògiri ìdábùú ti pàdé ikùn, mẹ́rin ní ọ̀tún, mẹ́rin ní òsì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó lẹ̀ dáadáa, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Bí ẹ bá padà dé, ẹ kọ́kọ́ lọ wò ó kí ẹ tó bá olówó ọkọ̀ sọ̀rọ̀ iye. Èyí tó bá ti hunjọ tàbí tó ti ya, ibẹ̀ ni kí ẹ ní kí wọ́n tú pákó kúrò.